Ẹ Má Fi Áyọ́ọ̀nù Lọ Ìgbéyàwó Yín

Ìyàwó kan kọ̀wé sí wa láti Ìbàdàn. Ọmọ onílùú Amẹ́ríkà ni ọkọ rẹ̀, Houston ló ń gbé, ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò físà ìyàwó sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ajẹ́ńtì ní kó há ogójì ìdáhùn sórí, kó pa gbogbo ìjà òun àti ọkọ rẹ́ lórí WhatsApp, kó sì lọ ya fọ́tò tuntun níbi tí òdòdó bá wà. Baálé ilé kan pẹ̀lú kọ̀wé láti Abẹ́òkúta. Ìyàwó tirẹ̀ ló wà lókè òkun, ṣùgbọ́n ó ti fẹ́ ẹlòmíràn rí ní ìlànà ìbílẹ̀. Wọ́n ti dá owó orí padà, ọmọ kan sì wà ní Ṣàgámù tí ìyàwó tuntun ò tíì gbúròó. Ajẹ́ńtì ní kó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù físà pé òun ò gbéyàwó rí. Àwọn méjèèjì ń béèrè bóyá kí àwọn gbọ́ràn sí ajẹ́ńtì lẹ́nu. Rárá o. Ẹ ya alágídí fún ìgbà díẹ̀.

Kí ẹ tó dé ọ́fíìsì kọ́ńsúlà Amẹ́ríkà ní Walter Carrington Crescent ní Victoria Island, ìwé yín ti rìnrìn àjò jù yín lọ. Ọkọ ti fi fọ́ọ̀mù I-130 tó fi bẹ̀bẹ̀ fún yín sílẹ̀, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ti gba fọ́ọ̀mù físà DS-260 tiyín àti I-864 tí ọkọ fi ṣe onídùúró fún yín. Ẹni tó wà lẹ́yìn gíláàsì ti rí gbogbo ìyẹn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè tí ẹ búra, ohun tó kù tó ń wá ni bóyá inú ilé kan náà ni ìwé àti ẹnu yín ti jáde. Ẹ wá rò ó wò: ta ni ìgbéyàwó rẹ̀ máa ń gún régé láìsí ìkákò kankan? Ẹni tó fẹ́ra nítorí páálí ìgbélùú Amẹ́ríkà ni. Ta ni yóò jókòó fi dátà rẹ̀ bá ẹni tó san owó fún jà ní aago márùn-ún ìdájí? Tọkọtaya gidi nìkan ló nírú àyè bẹ́ẹ̀. Houston fi wákàtí mẹ́fà tàbí méje wà lẹ́yìn Èkó, nítorí náà òru ẹnì kan ni ọ̀sán ẹnì kejì, fóònù wọn sì kún fún: “Ṣé ẹ ti sùn ni?”, “Màmá yín tún ti pè mí lórí aṣọ ẹbí,” “Owó jẹnẹrétọ̀ tí mo fi ránṣẹ́ ńkọ́?” Lẹ́yìn èyí, ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, kí ọkọ tó wá fi fọ́tò ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú bàtà iṣẹ́ ránṣẹ́ láti fi bẹ̀bẹ̀. Kò sí ajẹ́ńtì tó lè kọ irú èyí kó dùn tó bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni fọ́tò ọjọ́ ìdána tí àbúrò bàbá ọkọ ti dijú, tí ẹnì kan sì ń di ẹran sínú ọ̀rá lẹ́yìn yín, ṣe níyì ju ti ibi òdòdó lọ.

Ẹ ó ní bí ẹ bá há ìdáhùn sórí, ṣebí ẹnu yín yóò já gaara. Òótọ́ ni pé ó yẹ kí ẹ mọ iṣẹ́ ọkọ yín, àdúgbò tó ń gbé àti ọjọ́ tí ẹ lọ sí kọ́ọ̀tù, nítorí ìyàwó tí kò bá mọ ìyẹn ní ìṣòro tó ju físà lọ. Ṣùgbọ́n ìdáhùn àkọ́sórí kì í ní àbúrò. Wọ́n á ní, “Ibo lẹ ti pàdé?” Ẹ ó ròyìn ìpàdé bí ẹni tó ń ka ìwé mímọ́. Wọ́n á wá ní, “Kí ló rà fún yín lọ́jọ́ náà?” Ilé á dákẹ́. Ìyàwó tí kò há nǹkan kan sórí á kàn mí kanlẹ̀ ni: “Kò ra nǹkan kan. Ó ní òun gbàgbé wọ́lẹ́ẹ̀tì.” “N kò rántí” pẹ̀lú kì í pa ẹnikẹ́ni, bó bá jẹ́ òótọ́. Ẹ tún lè ní ìjà inú fóònù á mú kí wọ́n rò pé ilé yín ti fẹ́ dàrú. Ohun tí òfin ń béèrè ni bóyá òótọ́ lẹ fẹ́ra yín. Kò béèrè bóyá ó ń dùn. Ẹ má kàn pa ìjà náà rẹ́, ẹ má gbé e lọ síwájú gíláàsì nígbà tí wọn ò béèrè, ẹ má sì lọ dá tuntun sílẹ̀ nítorí ẹ̀rí.

Àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà fúnra wọn gbà pé ọjọ́ ló ń fi ìgbéyàwó hàn. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1986 ló fà á tó fi jẹ́ pé ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ kò tíì pé ọdún méjì lọ́jọ́ tó wọ ìlú, páálí ọdún méjì ni wọn yóò fún un. Nígbà tó bá ku àádọ́rùn-ún ọjọ́ kí páálí náà kú, tọkọtaya á tún jọ fi fọ́ọ̀mù I-751 sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí, kí wọ́n lè yọ gbèdéke ọdún méjì náà kúrò. Ogójì ìdáhùn ajẹ́ńtì kò lè bá yín dé ibẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá sì mú pé ìgbéyàwó rẹ̀ jẹ́ ti irọ́ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún jura, pẹ̀lú owó ìtanràn tó lè tó dọ́là 250,000.

Bàbá Abẹ́òkúta, tiyín le ju ti Ìbàdàn lọ, nítorí ìgbà àtijọ́ lẹ fẹ́ fi áyọ́ọ̀nù lọ. Fọ́ọ̀mù DS-260 béèrè gbogbo ìyàwó tí ẹ ti fẹ́ rí àti gbogbo ọmọ tí ẹ bí. Owó orí tí wọ́n dá padà tẹ́ àwọn àgbà lọ́rùn, ṣùgbọ́n ìwé ni Amẹ́ríkà ń kà: ẹ lọ sí kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀, kí wọ́n tú ìgbéyàwó náà ká, kí wọ́n fún yín ní ìwé. Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí ẹ fẹ́ ti òkè òkun ni ìwé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jáde, ẹ kọ́kọ́ bá lọ́yà sọ̀rọ̀, kì í ṣe ajẹ́ńtì. Ẹni tó bá parọ́ nípa ohun tó ṣe pàtàkì láti fi gba físà, títí ayé ni ìlẹ̀kùn yóò fi tì mọ́ ọn, àfi bí wọ́n bá fún un ní ìdáríjì tí kò rọrùn láti gbà. Ọmọ Ṣàgámù tí ẹ bá sì fi pamọ́ lónìí ni ẹ ó máa wá ọ̀nà àtimú lọ lọ́la, fọ́ọ̀mù tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ ni yóò sì jẹ́rìí takò yín. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún ìyàwó, ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, kí ara rẹ̀ tó gbóná. Kò sí kọ́ńsúlà tó le tó o.

Àwọn kan á ní kí ló kàn wá nípa òótọ́, nígbà tí ìkéde ààrẹ Amẹ́ríkà ti dínà físà aṣíkiri fún àwọn ọmọ Nàìjíríà láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Ààrẹ kan ló fọwọ́ sí ìkéde, òmíràn lè fagi lé e. Irọ́ tó wà nínú fáìlì yín kò ní ẹni tí yóò fagi lé e. Owó físà náà jẹ́ dọ́là 325 fún ẹnì kan, wọn kì í sì í dá a padà. Kí ẹ tó san ti ajẹ́ńtì, ẹ bi í bóyá òun máa ń dá tirẹ̀ padà.