Ẹni Tó Fi Ọlọ́run Ṣe Ọmọ Ọ̀dọ̀

Láàárín àwọn tó dá ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni sílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, irú ẹni kan wà tí kò ṣòro láti dá mọ̀ nígbà tí sáà ẹ̀kọ́ bá ń lọ sópin, tí ìwé ìkéde ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ sì ti ń wọ ilé àwọn òbí. Ìrìn-àjò ẹ̀kọ́, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń pè ní excursion, ni kíkó ọmọ jáde kúrò nínú kíláàsì lọ síbi tí yóò ti fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ìwé sọ, ìbáà ṣe Òkè Ìdànrè, Olúmọ, ìsun omi gbígbóná Ìkogòsì, ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn tàbí Àgbádárìgì. Kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò bá irú ètò bẹ́ẹ̀ jà, nítorí pé ọmọ tó ti kà nípa àwọn Ẹ̀gbá tó tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí ọdún 1830 yóò mọ ohun tí ìsádi jẹ́ nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ wọ inú ihò àpáta náà. Ẹni tó ń ṣe ètò náà ló yẹ kí a bá jà, èyíinì ni olùdásílẹ̀ tó jẹ́ pé gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ ààbò ọmọ, Ọlọ́run ló gbé e lé lọ́wọ́, gbogbo ohun tó bá sì jẹ mọ́ owó òbí, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló wà.

Ìpín iṣẹ́ yìí ni gbòǹgbò ìwà rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan iye tí òbí kọ̀ọ̀kan yóò san, kò sí àdúrà, kò sí ààwẹ̀, kò sí pé Olúwa yóò pèsè. Bírò àti ẹ̀rọ ìṣirò ló ń sọ̀rọ̀. Ó ti bá gbogbo àwọn tó ń tẹ ẹ̀wù ìrìn-àjò ládùúgbò náà dúnàádúrà kí ó tó mú èyí tí owó rẹ̀ kéré jù, ó mọ iye abọ́ ìrẹsì tí yóò jáde nínú àpò kan, ó mọ̀ pé itan adìẹ kan ṣeé gé sí méjì tí ọmọdé kò sì ní fura, ó sì ti bá ayàwòrán sọ iye tí yóò máa bọ́ sọ́wọ́ òun lórí fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó lè ka ègé adìẹ tó bẹ́ẹ̀ kò ṣe aláìmọ̀-ọ́n-kà. Ṣùgbọ́n bí ìṣirò náà bá ti dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀, bó bá ku iye ọmọ tó yẹ kó jókòó, oorun tí awakọ̀ sùn, bíréékì àti táyà, ẹ̀rọ ìṣirò á wọ àpò, ìgbàgbọ́ á sì jáde. Ọmọdé kì í gba àyè, ni yóò wí, wọn yóò sì jókòó ní mẹ́ta-mẹ́ta lórí ìjókòó ẹni méjì, tí àwọn aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ karùn-ún yóò sì gbé àwọn jẹ́lé-ó-sinmi lé ẹsẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ìwà yìí máa ń hàn kedere jù. Ìwé ìkéde sọ pé agogo mẹ́fà ni ọkọ̀ yóò gbéra, ṣùgbọ́n ní agogo mẹ́fà awakọ̀ kò tíì dé, nítorí pé èrò òru ló gbé, kò sì sí ẹni tí yóò bi í bó bá ti fojú kan oorun. Nígbà tí ó bá dé níkẹyìn, olùdásílẹ̀ yóò jáde láti inú ọ́fíìsì rẹ̀, àdúrà yóò sì bẹ̀rẹ̀. Orin ìyìn ló ń ṣáájú, pẹ̀lú àtẹ́wọ́ àti ijó. Pásítọ̀ tí wọ́n ti pè wá yóò gbàdúrà fún awakọ̀, fún ẹ́ńjìnnì, fún gbogbo kòtò tó wà lójú ọ̀nà àti gbogbo ẹ̀mí òkùnkùn tó ń gbé inú kòtò náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Alfa tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Kéwú yóò ka Fátíhà, nítorí pé owó àwọn Mùsùlùmí náà wà nínú ètò yìí. Olùdásílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò kádìí rẹ̀, kò sì ní parí láìsọ gbólóhùn kan tó ti mọ́ ọn lẹ́nu: kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àmín yóò sọ lálá. Àdúrà àtijọ́ ni èyí, àdúrà àwọn tó fi ẹsẹ̀ gba inú igbó kìjikìji kọjá láìmọ ohun tó wà níwájú, kò sì sí àléébù kankan nínú rẹ̀. Àléébù tó wà ni pé ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kí ebi má pa ọ̀nà yìí náà ló ń di oúnjẹ ọ̀nà sínú ọkọ̀, tó tún wọ ẹ̀wù aláwọ̀ kan náà fún gbogbo rẹ̀.

Òróró ló kàn. Olùdásílẹ̀ yóò yọ ìgò kékeré jáde nínú àpò, yóò yí ọkọ̀ náà po, yóò máa fi ìka tọ́ òróró sí ilẹ̀kùn, sí gíláàsì iwájú, sí táyà kọ̀ọ̀kan. Ìgbà kan ṣoṣo tí yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́ táyà nìyí ní gbogbo ọjọ́ náà, ohun tó sì ń bíni nínú jù ni pé ibi tí ìka rẹ̀ ń tọ́ òróró sí ni ìròyìn tó yẹ kó kà wà. Ní ẹ̀gbẹ́ táyà, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin máa ń wà tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: méjì àkọ́kọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn sì dúró fún ọdún, tó fi jẹ́ pé táyà tí wọ́n kọ 1812 sí lára jáde nílé-iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kejìdínlógún ọdún 2012. Rọ́bà a máa gbó bí kò tilẹ̀ rìn lọ síbì kankan. Oòrùn àti ọjọ́ orí á mú kó gan, á sán wẹ́wẹ́, títí ẹrù àpọ̀jù àti eré àsápajúdé yóò fi mú un gbóná, tí yóò sì bẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1988 tí Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, kò fi yé kìlọ̀ fún aráàlú nípa táyà tó ti lọ́jọ́ lórí àti táyà tókúnbọ̀. Kíka nọ́ńbà mẹ́rin yìí kò gba oyè, kò gba owó, kò sì gba ìṣípayá. Ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ kẹta tó ti há sínú ọkọ̀ náà lè kà á bí wọ́n bá jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀. Olùdásílẹ̀ fi òróró bò ó mọ́lẹ̀, ó sì bọ́ sídìí táyà kejì.

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ẹ̀sìn ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí kò tíì wo ọ̀gbẹ́ni náà dáadáa. Alágbẹ̀dẹ tó ń bọ Ògún ṣì ń wo irin rẹ̀ nínú iná kó tó lù ú, kò sì sí ẹni tó sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó. Ohun tí olùdásílẹ̀ yìí ń ṣe kì í ṣe ìgbàgbọ́ rárá. Ọ̀lẹ ni. Iṣẹ́ tó bá ti rọrùn, tí kò lókìkí, tí fọ́tò rẹ̀ kò ní dára lójú ìwé Facebook ilé-ẹ̀kọ́, òun ló ń kó fún Ẹlẹ́dàá, bí ìgbà pé ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n gbà wá láti abúlé.

Àdúrà gígùn yìí kan náà ló ń bí ewu tí wọ́n ń gbà á lé lórí. Nígbà tí àmín ìkẹyìn bá fi sọ, agogo mẹ́sàn-án ti lù. Bí ó bá jẹ́ Ìdànrè ni wọ́n ń lọ, ọ̀sán gangan ni àwọn ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn tó lé ní ẹgbẹ̀ta, pẹ̀lú omi tí kò tó, ìrọ̀lẹ́ ni wọn yóò sọ̀ kalẹ̀, òru ni wọn yóò sì fi gba ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Iléṣà padà, pẹ̀lú awakọ̀ tí kò tíì sùn láti ọjọ́ tó ṣáájú. Bí wọ́n bá ti gbéra ní agogo mẹ́fà ni, wọn ì bá má nílò ìlàjì àdúrà náà.

Ní ti kíka ọmọ, tí í ṣe ohun àkọ́kọ́ nínú ètò ààbò irú ìrìn-àjò yìí, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé. Ohun tó yẹ ni kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àwọn ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́ nínú ìwé, kí ó sì pè wọ́n ní orúkọ-orúkọ nígbà tí wọ́n bá ń wọkọ̀, ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀, àti kí wọ́n tó padà. Olùdásílẹ̀ yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, yóò sì fi ohùn òkè béèrè pé, “Ṣé gbogbo wa ti pé?” Gbogbo wọn yóò dáhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà!” Ọmọ tó ṣẹ́kù sídìí àgò ọ̀bọ nìkan ló lè dáhùn pé rárá, kò sì sí níbẹ̀.

Àbẹ̀wò àṣáájú tún wà, èyíinì ni pé kí ẹnì kan ti ilé-ẹ̀kọ́ lọ síbẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà láti wo ibi tí ilẹ̀ ti ń yọ̀, ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, bí ọ̀nà ilé ìwòsàn ti jìn tó, àti bí fóònù bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Olùdásílẹ̀ ti rí ibẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nítorí náà, ìgbà tí wọ́n bá dé Àgbádárìgì, tí wọ́n fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà lọ wo ọ̀nà tí wọ́n gbà kó àwọn ẹrú lọ sí etí òkun, ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ẹ̀wù ìléfòó, ìyẹn ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ẹni tó bọ́ sómi rì, kò kárí, àti pé èyí tó wà jẹ́ ti àgbàlagbà, tí ọmọdé lè yọ́ bọ́ nínú rẹ̀. Àwọn tó wà níwájú ni yóò wọ̀ ọ́, nítorí fọ́tò. Ní ọdún 1993, ní Lyme Bay ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin kú sínú òkun lórí irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ rán ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ṣètò ìrìn-àjò náà lọ sí ẹ̀wọ̀n, nítorí pé àwọn tó ti bá a ṣiṣẹ́ rí ti kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí i tí kò kọbi ara sí i, nígbà tó sì di 1995, òfin ti jáde tó mú kí irú àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa gba ìwé àṣẹ. Ohun tó mọ̀ tí kò ṣe ni wọ́n fi dá a lẹ́jọ́. Àwọn òbí ibẹ̀ náà ń gbàdúrà.

Nílé níbí, ìròyìn kan wà tó yẹ kó ti kọ́ olùdásílẹ̀ lọ́gbọ́n. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, àwọn ajínigbé dá ọkọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ dúró ní Ẹmùré-Èkìtì bí ó ti ń gbé àwọn ọmọ relé, wọ́n kó ọmọ, olùkọ́ àti awakọ̀ wọgbó. Àwọn ọmọ àti olùkọ́ padà wálé. Awakọ̀ kò padà, wọ́n ti pa á. Ẹni tó bá ronú yóò rí i pé ó yẹ kí òun fi tó ọlọ́pàá létí bí òun bá fẹ́ kó ọmọ gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, kí òun má sì jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun níbẹ̀. Olùdásílẹ̀ fi ẹsẹ àdúrà kan kún un, èyí tó wà fún àwọn ajínigbé nìkan, ọkọ̀ sì tún pẹ́ sí i kó tó gbéra.

Àwọn olùkọ́ rẹ̀ rí gbogbo èyí, wọ́n sì dákẹ́, nítorí pé owó oṣù wọn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ìbẹ̀rù àti pàdánù rẹ̀ fi pọ̀. Òbí tó bá béèrè ìwé ọkọ̀ ni wọ́n ń pè ní òbí oníwàhálà, olùdásílẹ̀ yóò sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, yóò ní, “Ìyá wa, ṣé ẹ ò nígbàgbọ́ ni?” Ìbéèrè yìí kò ní ìdáhùn, ìdí nìyẹn tó fi ń lò ó. Ìyá tó wá béèrè nípa bíréékì ni yóò padà lọ sílé pẹ̀lú ìtìjú pé bóyá òun kò mọ Ọlọ́run tó.

Bí nǹkan bá wá bàjẹ́, tí táyà bẹ́ tàbí tí ọmọ kan kò padà sílé, ọ̀rọ̀ méjì péré ni yóò kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde: àmúwá Ọlọ́run. Ẹni tí wọ́n fi ṣe olùṣọ́ láàárọ̀ ni wọ́n fi ṣe ọ̀daràn nírọ̀lẹ́. Ọlọ́run ló gbé ọkọ̀ náà wá, Ọlọ́run ló ra táyà, Ọlọ́run ló to ọmọ mẹ́ta sórí ìjókòó ẹni méjì. Olùdásílẹ̀ kàn bá wọn lọ ni. Yóò wá yọ ìwé ìyọ̀ǹda jáde, ìyẹn ìwé tí òbí ti fọwọ́ sí pé ọmọ òun lè lọ, bí ìgbà pé òbí tó gbà kí ọmọ òun wo òkúta ti gbà náà pé kí ọmọ òun kú.

Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n ń padà láyọ̀, èyí sì ni ó burú jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé gbogbo ìrìn tí táyà náà kò bẹ́ ń di ẹ̀rí pé ọ̀nà tó ń gbà ṣe é dára. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, wọn yóò ṣe ìdúpẹ́ níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, àpótí ọrẹ yóò sì kọjá. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìkéde ti ọdún tó ń bọ̀ ti jáde: Erin-Ìjẹ̀ṣà ni, níbi tí omi ti ń já bọ́ láti ìpele méje, owó rẹ̀ sì ti wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nítorí epo. Òbí tó bá tètè san yóò rí ẹ̀dínwó gbà. Ọkọ̀ náà ni wọn yóò tún háyà, nítorí pé àdúrà ilé-ẹ̀kọ́ náà ti mọ́ awakọ̀ rẹ̀ lára.