Káún Nínú Eré Sísá? Ẹ Gbà Wá O!

Ẹ jókòó kí n tó sọ ọ́. Ẹ sì ti ìlẹ̀kùn ilé ìdáná, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Káún tí a fi ń mú ilá yọ̀ ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu níbí, ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn eléré sísá ti sọ mọ̀lẹ́bí rẹ̀ di àgbo? Háà! Kì í ṣe òkúta adágún Chad tí à ń rà lọ́jà ni wọ́n ń gbé mì o. Ìyẹ̀fun funfun tí àwọn oníkéèkì ń pè ní sódà ni, ìyá kan náà ló sì bí wọn. Ẹ kán ọsàn wẹ́wẹ́ sí èyíkéyìí nínú wọn, á ru sókè bí ọṣẹ, kíkan ọsàn á rọlẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ kó ṣe nínú ara nìyẹn, kó pa kíkan tó máa ń mú iṣan ta bí èèyàn bá ń sáré àsápajúdé.

Ẹ wá gbọ́ ìwọ̀n rẹ̀: gíráàmù 21 fún ẹni tó wọn kílò 70! Ta ló ń da irú ẹ̀ sí ìkòkò ọbẹ̀? Inú á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ẹ̀rọ ìlọta. Ẹni tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ lójú ìlà, ilé ìyàgbẹ́ lẹ ó ti bá a, tó ń di ṣòkòtò pénpé mú. Ṣé wọ́n wá fòfin dè é? Rárá! Kò sí nínú ohun tí WADA, àjọ tó ń gbógun ti lílo oògùn nínú eré ìdárayá lágbàáyé, kà léèwọ̀.

Ẹṣin ńkọ́? Èèwọ̀! Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti máa ń ki rọ́bà bọ ihò imú ẹṣin títí dé ikùn, wọ́n á da omi sódà àti ṣúgà gba ibẹ̀. “Milkshake” ni wọ́n ń pè é, àfi bí ẹni ń ṣìkẹ́ ọmọ! Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹṣin wò kó tó sáré. Kí ẹṣin máa jẹ̀bi, kí èèyàn máa gbé mẹ́dàlì relé? Ojú ò tiẹ̀ tì wọ́n?

Èyí tó burú jù ni ti St. Louis, Òlíḿpíìkì 1904. Eléré sísá kan, Thomas Hicks, ń kú lọ lójú ọ̀nà, àwọn olùtọ́jú rẹ̀ po strychnine, oògùn tí wọ́n fi ń pa eku, mọ́ funfun ẹyin, wọ́n rọ ọ́ sí i lẹ́nu, wọ́n tún fi bráńdì lé e. Àwọn èèyàn ló dì í mú tó fi dé òpin, wọ́n sì fún un ní góòlù! (Ẹni tó kọ́kọ́ dé, mọ́tò ló wọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ má jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ ìyẹn.)

Ti obì ló bà mí nínú jẹ́ jù. Èròjà inú rẹ̀ tó ń lé oorun lọ, kan náà ni pẹ̀lú ti kọfí, títí di ìparí 2003 sì ni wọ́n ń fìyà jẹ eléré tó bá pọ̀ jù nínú ìtọ̀ rẹ̀. Yéè! Ọmọkùnrin kan ní iléèwé wa (ẹ má bi mí níléèwé wo) run gbànjà mẹ́ta ní kọ̀rọ̀ kó tó sáré, eyín rẹ̀ pọ́n kankan bí ti ajẹ̀jẹ̀. Gbogbo wa rí i. A pàtẹ́wọ́!

Mo rò fún ìyá tí mo ń ra káún lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ìkọ̀lé. Ó káwọ́ lérí, ó ní ayé ti bàjẹ́. Ó wá tẹ̀ sí mi létí: “Ọmọ mi, èló ni wọ́n ń rà á níbẹ̀?”