Katahdin Kù sí Dẹ̀dẹ̀

(Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Àjàní, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́.)

MÓRẸ́NIKẸ́: Bàbá, Kẹ́mi àbúrò mi pè lánàá. Ó ti dé Monson!

BÀBÁ ÀJÀNÍ: Ọmọ mi, ẹsẹ̀ náà ló ṣì ń fi rìn?

MÓRẸ́NIKẸ́: Ẹsẹ̀ ni, Bàbá. Láti oṣù kẹta ló ti kúrò lórí òkè Springer ní Georgia. Ọ̀nà Appalachian yẹn lé ní 2,190 máìlì, ìpínlẹ̀ 14 ló là kọjá ní Amẹ́ríkà. Maine tó wà báyìí ló kẹ́yìn. Ó ku nǹkan bí 115 máìlì kó dé góńgó òkè Katahdin, níbi tí ọ̀nà náà ti parí.

BÀBÁ ÀJÀNÍ: A dúpẹ́! Ó ti parí nìyẹn.

MÓRẸ́NIKẸ́: Ohun tí gbogbo ilé ń wí nìyẹn. Èmi ni ọkàn mi ò balẹ̀. Ó ní ọjọ́ márùn-ún péré lòun fẹ́ fi la Aginjù Ọgọ́rùn-ún Máìlì tó wà níwájú rẹ̀ já, kí ẹrù ẹ̀yìn òun lè fúyẹ́. Bẹ́ẹ̀, pátákó wà lẹ́nu igbó náà tó ń kìlọ̀ pé kí èèyàn ru oúnjẹ ọjọ́ 10. Kò sí ìlú kankan nínú rẹ̀ títí dé afárá Abol. Gbòǹgbò, òkúta tó ń yọ̀, odò tí kò ní afárá.

BÀBÁ ÀJÀNÍ: Kó ru oúnjẹ rẹ̀! Ara tó ti rìn fún oṣù mẹ́fà ò ní ọ̀rá púpọ̀ nípamọ́ mọ́. Kí ló ń lé e?

MÓRẸ́NIKẸ́: Òtútù ni. Wọ́n ń gba àwọn tó ń rin ọ̀nà náà níyànjú pé kí wọ́n parí kó tó di ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá. Àti pé láti orí òkè White Cap, bí ojú ọ̀run bá mọ́, wọ́n á máa wo Katahdin lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹni tó bá ti rí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbọ́ràn mọ́.

BÀBÁ ÀJÀNÍ: Oṣù kẹsàn-án ò tíì parí, àyè wà. Ṣé o mọ ìtàn Emma Gatewood? Ní 1954, láti Katahdin gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yìí. Ó ṣìnà, ó sì padà sílé. Ní 1955, ìyá ọlọ́mọ 11 yìí, ẹni ọdún 67, gbéra láti Georgia pẹ̀lú bàtà kánfáàsì àti àpò tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án, ó dé góńgó Katahdin. Gbogbo èèyàn ló ń pọ́n 1955 lé. Èmi, 1954 yẹn ni mo fẹ́ kí Kẹ́mi gbọ́: ó yí padà, òkè ò sì sá lọ.

MÓRẸ́NIKẸ́: Màá sọ fún un, Bàbá.

BÀBÁ ÀJÀNÍ: Ọ̀nà góńgó yẹn ńkọ́?

MÓRẸ́NIKẸ́: Ó lé ní máìlì 5, òkè pọ́nńbélé. Níbì kan, irin tí wọ́n kàn mọ́ àpáta ni wọ́n ń dì mú. Lókè, kò sí igi tó lè dí afẹ́fẹ́.

BÀBÁ ÀJÀNÍ: Mọ́tò á wá gbé e sọ̀ kalẹ̀?

MÓRẸ́NIKẸ́: Rárá o. Percival Baxter, tó ti ṣe gómìnà Maine rí, fi owó ara rẹ̀ ra ilẹ̀ òkè náà láti 1930, ó fi ta ará ìlú lọ́rẹ pé kó máa wà ní igbó títí láé. Ẹsẹ̀ náà ló máa fi sọ̀.

BÀBÁ ÀJÀNÍ: Ìdajì iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ni góńgó, nígbà náà. Bí àwọn olùṣọ́ igbó náà bá ní ojú ọjọ́ ò dáa, kó dúró di ọ̀la. Sì bá mi bẹ̀ ẹ́: kó má pè wá látorí òkè. Tó bá délẹ̀ ni kó pè.