Fíìmù Tí N Kò Wò Ló Jẹ Owó Mi

N kò wo La La Land. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ìyẹn. Ohun tí mo ṣáà gbọ́ ni pé wọ́n fa orúkọ rẹ̀ kalẹ̀ fún àmì-ẹ̀yẹ Oscar 14 lọ́dún 2017, àti pé gbogbo atatẹ́tẹ́ ló ti gbà pé òun ló máa gba ti fíìmù tó dára jù lọ. Mo wọ ilé tẹ́tẹ́ kan ní Peckham, mo ka 200 pọ́n-ùn sílẹ̀. Èrè tó máa bí kò tó 50, nítorí gbogbo ayé ló ń ta á.

Ìyàwó mi ti wo Moonlight. Ó ní, "Bàbá Tóbi, ẹ wo èyí náà kí ẹ tó náwó."

Mo ní ṣé tẹ́tẹ́ la fẹ́ ta ni, àbí sinimá la fẹ́ wò?

Aago 5 ìdájí ọjọ́ Ajé ti lù ní London kí wọ́n tó kan fíìmù tó dára jù lọ ní Los Angeles. Warren Beatty ṣí àpò ìwé, ó wò ó, ó tún yọjú wo inú rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ṣéńjì. Ó na káàdì sí Faye Dunaway. Màmá ní La La Land! Mo fò sókè, mo forúnkún gbá tábìlì. Kí ìrora náà tó rọlẹ̀, mo ti kọ̀wé sí àbúrò mi n'Ìbàdàn lórí WhatsApp pé owó àtúnṣe jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ti dé. Àdúrà tó fi fèsì kún ojú fóònù.

Wọ́n ṣì ń dúpẹ́ lórí ìtàgé nígbà tí Jordan Horowitz, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe La La Land, ní àṣìṣe ni, Moonlight ló gbà á. Ó na káàdì sókè, kámẹ́rà sún mọ́ ọn, n kò sì lè parọ́ pé ojú ló ń ṣe mí. Àpò ìwé òṣèrébìnrin tó dára jù lọ ni wọ́n ṣì fún Beatty. Orúkọ Emma Stone ló wà níbẹ̀.

Ta ló ń dá àdúrà padà? Inú owó ilé ni mo ti yọ owó jẹnẹrétọ̀ ránṣẹ́.

Lọ́dún 2021, mo wo fíìmù. Mo wo Ma Rainey's Black Bottom, mo sunkún nítorí Chadwick Boseman tó ti kú lọ́dún tó ṣáájú. Wọ́n tún gbé àmì-ẹ̀yẹ òṣèrékùnrin sí ìparí ètò, lẹ́yìn ti fíìmù tó dára jù lọ. Kí ni wọ́n ń fi pamọ́, bí kì í bá ṣe tirẹ̀? Mo ta 60 pọ́n-ùn. The Father? N kò ráyè wò ó.

Anthony Hopkins ló gbà á, nínú The Father. Bàbá ẹni ọdún 83 ò sí níbẹ̀. Ó wà ní Wales, ó ń sùn. Èmi ni mo la ojú sílẹ̀ di òru, pẹ̀lú ife tíì tó ti tutù.

Ìyá Tóbi pè mí láti yàrá pé ta ló gbà á.

Mo ní wọn ò tíì sọ.