Ìpìlẹ̀ Ló Dùn

Àwọn àgbà ní ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́, à fi ẹni tó bá fi orí tì í dópin. Ó jọ pé wọn kò dé ibi ìfilọ́lẹ̀ rí, wọn kò jókòó lábẹ́ tẹ́ńtì, wọn kò sì mọ iye ẹran tó ń wà níbẹ̀. Láyé tiwọn, oko la ń ṣán, ọ̀nà la ń mú pọ̀n, ìlú la ń tẹ̀ dó. Ẹni tó bá sì tẹ ìlú dó, ibẹ̀ ni yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tó fi nǹkan lọ́lẹ̀ lóde òní ti wà nínú mọ́tò kí iyanrìn tó gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wá wo Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Ọmọ ìlú fi owó ránṣẹ́ láti Ábíjàn (ilé wo ní agbègbè Èjìgbò ni kò ní èèyàn l'Ábíjàn?), wọ́n pilẹ̀ ilé ńlá, pásítọ̀ gbàdúrà, ààfáà náà gbà á, wọ́n ya fọ́tò. Búlọ́ọ̀kù dé ojú fèrèsé, ó dúró. Irin igun ilé dípẹtà. Ìyá àdúgbò gbin ilá sí pálọ̀, ilá ọ̀hún sì so. Nínú gbogbo wa tí a ṣe àmín lọ́jọ́ náà, òun nìkan ló rí nǹkan kó relé.

Mi ò bá onílé wí; ìjọba náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1983, Ààrẹ Shehu Shagari wá fi ìpìlẹ̀ rélùwéè Metroline lélẹ̀ l'Ékòó, lásìkò Gómìnà Lateef Jakande. Kí ọdún náà tó parí, ológun gbàjọba; ní 1985, ìjọba Buhari fagi lé iṣẹ́ náà. Ó di 2023 kí Blue Line Èkó tó gbé èrò. Jakande ti kú ní 2021. Ti ilé iṣẹ́ irin Ajàòkúta ńkọ́? Ẹ fìyẹn sílẹ̀, oúnjẹ ń tutù.

Ọgbọ́n kan sì wà nínú àìparí iṣẹ́. Orúkọ ẹni àná ló wà lára òkúta ìpìlẹ̀. Gómìnà wo ni yóò wá parí iṣẹ́ fún ẹni tó bú nígbà ìpolongo ìbò? Ó yá a lára kó ri òkúta tirẹ̀ mọ́lẹ̀ lódìkejì títì. Ẹni tó sì kan páànù, gbèsè nìkan ló máa ń kí i kú oríire.

Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú bá tún pè yín síbi ìpìlẹ̀ gbọ̀ngàn tuntun, ẹ tètè ra aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Ẹ má ṣèyọnu ibi tí ẹ ó gbé mọ́tò sí: inú gbọ̀ngàn àkọ́kọ́ ṣì fẹ̀, kò sì ní òrùlé tí yóò há mọ́ yín lórí.