Bàbá Risi Ra Ilé fún Ẹja

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ̀yin èèyàn mi, àmọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀: ẹnu mi kọ́ lẹ ti gbọ́ o. Gbogbo ojúlé tó wà nínú ilé wa ló mọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n dénú tó mi, torí èmi ni mo bá wọn lọ. Ta ló ní kí n bá wọn lọ? Kò sẹ́ni tó ní kí n bá wọn lọ. Bí mi ò bá sì lọ, ta ni ì bá máa sọ ọ́ fún yín báyìí?

Bàbá Risi tó ń gbé òkè ni. Ó ní òun fẹ́ ra gíláàsì ẹja. Kì í ṣe táǹkì tí wọ́n fi ń sin ẹja àrọ̀ lẹ́yìnkùlé o. Ìyẹn, èèyàn á rí jẹ níbẹ̀. Àpótí onígíláàsì tí wọ́n ń gbé sí pálọ̀ ni mò ń wí, tí ẹja aláràbarà ń lọ tó ń bọ̀ nínú ẹ̀, tẹ́nì kan ò sì gbọdọ̀ fi ata kàn án. Risi ló rí i nílé ọ̀rẹ́ ẹ̀ níbi bọ́tìdé, ló bá figbe ta. Ẹ sì mọ ọmọ náà, ọmọ tí wọ́n fọwọ́ àdúrà wá. Tó bá ní òṣùpá lòun ń fẹ́, bàbá ẹ̀ á lọ yá àkàbà.

Tuntun wọ́n ju ẹnu lọ. Ni Bàbá Risi bá rí ìpolówó lórí fóònù pé obìnrin kan ní Ògbà ń já pa lọ sí Kánádà, ó ń ta gbogbo ẹrù ẹ̀: fíríìjì, bẹ́ẹ̀dì, àga, àti gíláàsì ẹja ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́rin. Iye tó pè é kò tó ìdajì owó tuntun. Ìyá Risi ló ní kí ọkọ òun má dá lọ, kó mú Fíṣárì dání. Fíṣárì, ọmọkùnrin tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, tó kàwé ẹja ní yunifásítì àgbẹ̀ l'Ábẹ́òkúta. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé, Lánlọ́ọ̀dù nìkan ló mọ̀ ọ́n, nítorí rìsíìtì. Ọmọ náà níwà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ òun àti ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ… ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́.

A dé Ògbà. Ilé mímọ́, táìlì ń dán. Obìnrin náà bu omi tútù fún wa, ó ń pè mí ní Mọ́mì. Gíláàsì náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó mọ́ gaara, ó gbẹ táútáú. Bàbá Risi ti ki ọwọ́ bọ àpò. Fíṣárì ní, "Bàbá, ẹ rọra ná." Ló bá kúnlẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù ẹ̀, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì kí ìmọ́lẹ̀ lè gbá a lára lọ, ó ń wá ibi tó ti họ. Ó ní èyí tó bá kàn họ fẹ́ẹ́rẹ́, omi á bò ó mọ́lẹ̀ tó bá kún, a lè tìtorí ẹ̀ yọwó kúrò. Ṣùgbọ́n tó bá ti sán, bó ti wù kó kéré mọ, ká dìde ká máa lọ ilé. Ó fi ìka tọ etí ẹ̀ lókè yí po, ó tọ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí ibi tí etí gíláàsì bá ti ṣẹ́, ibẹ̀ ni sísán ti máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí omi bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kò rí nǹkan kan. Bàbá Risi tún ki ọwọ́ bọ àpò.

Ìgbà tó kan gọ́ọ̀mù ni nǹkan yí padà. Sílíkọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pè é, òun ló di gíláàsì kan mọ́ èkejì. Ẹ̀yin tọ́kọ yín ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù mọ̀ ọ́n. Fíṣárì fi èékánná ha á ní igun apá òsì, ó sì ká sókè wẹ́rẹ́, gọ́ọ̀mù gbọọrọ kan tẹ̀ lé èékánná ẹ̀ jáde. Lábẹ́ ẹ̀, òmíràn tún wà níbẹ̀, tó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí nǹkan dúdú ti wọ̀ nínú. Ọmọ náà wò mí, mo wò ó. Wọ́n ti lẹ tuntun lé ògbólógbòó!

Ìta ni Fíṣárì ti là á yé wa lẹ́yìn náà pé sílíkọ́ọ̀nù tuntun kì í mú sílíkọ́ọ̀nù àtijọ́. Gíláàsì ló ń mú. Ẹni tó bá máa tún un ṣe, á kọ́kọ́ fi abẹ fá ti tẹ́lẹ̀ kúrò pátápátá, á nu ojú gíláàsì mọ́, kó tó fi tuntun sí i. Ó tún ní èyí tí wọ́n ń lò ní bálùwẹ̀, tí wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀ pé kì í jẹ́ kí ibẹ̀ hu ebu, oògùn ló wà nínú ẹ̀ tó ń pa ebu, oògùn ọ̀hún ò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ebu àtẹja.

Ṣùgbọ́n ká tó jáde, Fíṣárì fọ̀wọ̀ sọ fún obìnrin náà pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pọnmi kún un, ká fi í sílẹ̀ dọ̀la. A máa fi owó díẹ̀ sílẹ̀ fún yín." Háà! Ojú obìnrin yìí fà ro. Ó ní omi ò yọ lónìí. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti bálùwẹ̀ ẹ̀ jáde, tí ẹ̀rọ omi ń dà ṣọ̀ọ̀rọ̀ṣọ̀! Ó tún ní táìlì òun á bàjẹ́. Bàbá Risi, tí kì í sọ̀rọ̀, ní, "Tí kò bá ní í jò, kí ló fẹ́ ba táìlì jẹ́?" Obìnrin náà ní oníbàárà mìíràn ń bọ̀ lọ́nà. A ní kó kí wọn ní Kánádà, a bá tiwa lọ.

Fíṣárì ní gíláàsì tó bá ti pẹ́ ní gbígbẹ, kódà kẹ́nì kan má tíì fọwọ́ kan gọ́ọ̀mù ẹ̀, ojú lásán ò lè sọ pé kò ní í jò. Kí omi wà nínú ẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan, méjì ló dáa jù, ká wá fi bébà ìnujú nu ìsàlẹ̀ ẹ̀ yí po, ká wò ó bóyá bébà á rin.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ṣómólú ló kàn, nílé bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé omi wà nínú gíláàsì tiẹ̀, ẹja ń lúwẹ̀ẹ́. A ò bẹ ẹnikẹ́ni. Fíṣárì béèrè oògùn tí Bàbá fi ń tọ́jú ẹja tó bá ṣàìsàn. Ó ní oògùn tó bá ní bàbà nínú, ó máa ń wọ òkúta àti gọ́ọ̀mù lára, ìgbín omi àti edé lè kú tí wọ́n bá débẹ̀. Bàbá Risi ní ìgbín tòun, inú ọbẹ̀ ló ń gbé.

Ẹ wá wo ẹja! Àwọn kéékèèké kan wà níbẹ̀, abo wọn pọ́n nínú ikùn bí ẹni tó fi osùn pa á. Mo ní ó dájú pé òkè òkun nìyí ti wá. Bàbá tíṣà rẹ́rìn-ín, ó ní kribensis ni wọ́n ń pè é, odò gúúsù Nàìjíríà níbí ni ìlú ẹ̀, àwọn òyìnbó sì ń fowó gidi rà á. Ẹja tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀, àwa ni a ò mọ̀ ọ́n! Èyí tó jẹ́ àlejò ni Oscar, láti odò Amazon ní ìhà Bùràsíìlì lọ́hùn-ún. Kò tíì ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, Bàbá Risi fẹ́ kó wọn mọ́ ọn. Fíṣárì ní kó fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n lè dàgbà tó 30 sẹ̀ǹtímítà, èyí tẹ́nu wọn bá sì gbà, wọ́n á gbé e mì. Mo mọ ọkùnrin kan nínú ilé wa tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ n ò dárúkọ.

Ibi tí gbèsè fara pa mọ́ sí ni ara iná. Fíṣárì yọ fíltà, ó dojú ẹ̀ délẹ̀, ó ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀: 120 fóòtì. Ọmọ Bàbá ló fi í ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Tiwa níbí, 230 ni. Ẹni tó bá kì í bọ ògiri wa tààrà, èéfín ló máa kọ́kọ́ rí. Tiransifọ́mà kékeré kan tó ń kùn lábẹ́ àga ni Bàbá fi ń tan án, Fíṣárì sì rí i pé ìyẹn bá fíltà wá. Hítà ní tiẹ̀, ó ní ooru Èkó ti ṣe é tán, kí Bàbá yọ owó ẹ̀ kúrò. Ó wá béèrè ohun tí èmi ò lè rò: tí wọ́n bá múná lọ, kí ló ń fún àwọn ẹja léèémí? Bàbá fa pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì kan jáde. Inú mi dùn. Ẹ mọ iná àdúgbò wa.

Ẹ̀yin ń bi ara yín pé kí ló kan èmi Ìyá Ẹlẹ́nu nínú gbogbo èyí. Ẹ ṣé. Ó kàn mí dáadáa! Fíṣárì fa tépù yọ: 120 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, 45 ní ìbú, 50 ní gíga. Ó sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn, ó fi 1,000 pín in, ó di 270 lítà. Lítà omi kan sì jẹ́ kílò kan. Omi nìkan nìyẹn, ó ti ju àpò ìrẹsì márùn-ún lọ, a ò tíì ka gíláàsì, òkúta àti àga tó gbé e dúró. Pálọ̀ Bàbá Risi, pákó ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ẹ̀. Ta ló ń sùn lábẹ́ pálọ̀ Bàbá Risi? Èmi! Bẹ́ẹ̀dì mi gan-an ló wà níbẹ̀! Mo figbe ta nílé onílé, mo ní kò ṣẹlẹ̀ rí, kò ní í ṣẹlẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù náà, nígbà tí mo pè é lórí fóònù, ó ní pẹ́tẹ́ẹ̀sì òun kì í ṣe odò.

Bàbá tíṣà ló gbà wá. Kékeré kan wà ní yàrá ẹ̀, ẹja ń bẹ nínú òun náà: 80, 35, 40. Ìyẹn jẹ́ 112 lítà. Òun la rà, pẹ̀lú àwọn oníkùn pupa. A ò gba àga tó wà lábẹ́ ẹ̀, torí bọ́ọ̀dù ni, omi ti mu ún, ó ti wú lẹ́sẹ̀. Káfíńtà ló kan tuntun fún wa. Kọ́rídọ̀ ìsàlẹ̀ ló wà báyìí, lórí sìmẹ́ńtì. Fíṣárì fi lẹ́fẹ̀ẹ́lì bíríkìlà wò ó kó tó bu omi sí i, torí tó bá dagun, ẹ̀gbẹ́ kan ni gbogbo ìwúwo á lọ.

Ìkó ẹrù ò ní ìtàn púpọ̀. Wọ́n gbọn omi ẹ̀ tán kí wọ́n tó gbé e, wọ́n fọwọ́ sísàlẹ̀, ẹni kan níwájú, ẹni kan lẹ́yìn. Bí wọ́n bá gbé e tòun tomi, ó lè là. Ẹja wọ inú garawa pẹ̀lú omi tiwọn. Kànìnkànìn inú fíltà náà wọ inú omi yẹn. Nílé ni Ìyá Risi ti rí i pé ó dọ̀tí, ló bá lọ bu ọṣẹ. Igbe tí Fíṣárì ké! Ó ní ìdọ̀tí yẹn gan-an la fowó rà. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ibẹ̀ ló ń sọ májèlé tó ń jáde lára ẹja di ohun tí kò ní í pa wọ́n kíá, ẹni tó bá sì bẹ̀rẹ̀ láti òfo, ó lè gbà á tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pé. Ìyá Risi gbé ọṣẹ padà. Kò bá Fíṣárì sọ̀rọ̀ dìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ẹja kankan ò kú.

Ẹ dúró, ẹ má tíì lọ. Obìnrin Ògbà yẹn ṣì wà ní Ògbà o, Kánádà ò tíì pè é. Gíláàsì ẹ̀ ṣì wà lórí fóònù, ó tún ti já owó ẹ̀ wálẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń gbèrò àtirà á: kó ní kí wọ́n bu omi kún un níṣojú òun, kó sì padà wá wò ó lọ́jọ́ kejì kó tó yọ kọ́bọ̀.