Ẹnu Mi Kọ́ Lẹ Ti Gbọ́ Ohun Tí Àwọn Ọmọ Malu Road Ń Ṣe

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, torí ògiri ilé wa ní Malu Road, ní Àjégúnlẹ̀ yìí, kò nípọn, etí ló sì kún ara rẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà, ọmọ ọdún 16, nínú ilé kan tí mi ò ní dárúkọ. Ẹni tó bá ti rìn láti ìhà Àpápá wá títí dé Boundary mọ irú ilé bẹ́ẹ̀: yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró láàárín, ilé ìdáná kan ṣoṣo lẹ́yìnkùlé fún gbogbo ayé. Tó bá ti di alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ọmọ yìí á wé ìborùn, á gbé báàgì Bíbélì kọ́ èjìká, á kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á ní ìṣọ́ òru lòun ń lọ. Àwọn àgbà á ní kí Olúwa gbọ́ àdúrà.

Háà, Olúwa gbọ́ o!

Ìyá onírẹsì tó ń palẹ̀ ìkòkò rẹ̀ mọ́ ló kọ́kọ́ fura. Ó ní Bíbélì wo ló wú tó báyẹn? Ó wá la ojú sílẹ̀. Ẹ̀yìn kíósìkì kan lọ́mọ yìí yà sí. Ìborùn wọ inú báàgì, wíìgì jáde. Sálúbàtà wọlé, bàtà gogoro jáde. Aṣọ kan wá yọ níkẹyìn, tí ìyá onírẹsì ní tóun bá fi nu tábìlì òun, kò ní kárí. Ọmọ tó kúnlẹ̀ kí wa ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn ló bọ́ sí títì yẹn, tó ń rìn bí ẹni tó ti ra Èkó tó sì ti gba rìsíìtì. Ṣìọ̀! Ilé ọtí ni wọ́n ti ń ṣọ́ òru wọn.

Ẹnu mi kọ́ lẹ ti gbọ́ ọ o.

Ẹ má sì rò pé àwọn ọmọbìnrin nìkan ni. Ọmọkùnrin kan, tí ìyá rẹ̀ ń lọ ta ẹja ní Boundary láti ìdájí kó lè rí owó WAEC rẹ̀ san, lẹ́sìnnì ló ń lọ lójoojúmọ́. Ìwé dání, báírò létí. Wọ́n ní ilé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ni lẹ́sìnnì náà wà. Ó lè sọ iye góòlù tí ẹgbẹ́ kan ní Sípéènì máa jẹ lọ́jọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè ìṣirò tí tíṣà fún un lọ́jọ́ Ajé, ojú á máa dà á. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ibẹ̀ pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ ta tẹ́tẹ́. Ẹ̀yìn ọmọ yẹn gan-an ló fi bo ìkọ̀wé náà, torí ibẹ̀ ló máa ń fara tì.

Ti TikTok ńkọ́? Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ló jóná mọ́ ìdí ìkòkò lọ́jọ́ kan, tí gbogbo ilé ń wúkọ́, àwọn mẹ́ta sì ń fi ìdí kọ lẹ́tà níwájú fóònù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní àwọn èèyàn tó ń wò wọ́n ti pọ̀. Ìyá wọn sì ń wá ẹni tí yóò bá a fọ ìkòkò.

Bí wọ́n ṣe rò pé a ò ní mọ̀ ló ń yà mí lẹ́nu. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn tó lé ní 680,000 ní ìjọba ìbílẹ̀ wa, Ajeromi-Ifelodun, nìkan, lórí ilẹ̀ tí kò tó nǹkan. Ibo lọ́mọ kan fẹ́ sá pamọ́ sí láàárín wa? Láyé ìgbà tí àwọn tírélà ń sùn mọ́jú lórí Creek Road àti Wharf Road nítorí kí wọ́n lè wọ èbúté, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ò sùn rí ní tiwa. Ọ̀rọ̀ tó bá gbéra ní Àpápá láàárọ̀ á ti dé Boundary kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, á sì ti lóyún lójú ọ̀nà. Wíìgì kan ló kúrò lẹ́yìn kíósìkì yẹn. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ tèmi, wọ́n ní wíìgì mẹ́ta ni, àti pé ọmọ náà ti ṣẹ́yún lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn tó ń gbé e kiri wá dà? Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí dáadáa.

Mọ́mì kan wà tó máa ń pàtẹ́wọ́ jù lọ bí a bá ń sọ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yìí. Á fọwọ́ bo ẹnu, á ní "Èèwọ̀! Láyé tiwa kọ́!" Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ yín o. Mo mọ̀ yín láti ìgbà tí ijó Gàlálà ń ṣe wá bí oògùn. Láàárín ọdún 1990 sí 2000, ta ló wà ní Àjégúnlẹ̀ tí kò mọ Daddy Showkey, tí kò mọ Daddy Fresh, tí kò mọ Baba Fryo? Inú àdúgbò yìí ni ijó yẹn ti jáde tí gbogbo Nàìjíríà fi ń tẹ orúnkún ba. Ẹ̀yin lẹ fo fẹ́ǹsì lọ́jọ́ òde kan, tí etí búláòsì yín há sára wáyà, tí ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀ tẹ́ ẹ jó dọ́wọ́ ìdájí. Ìyá yín ké lọ́jọ́ kejì débi pé ará Olódì gbọ́. Ohun tí màmá sọ nípa yín lọ́jọ́ náà gan-an lẹ ń sọ nípa ọmọ ẹlẹ́kejì yín lónìí, ẹ ò yọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yín kún àpótí, Mọ́mì.

Ẹ sì wo àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n ń sá kúrò ní kíláàsì lọ gbá bọ́ọ̀lù ní pápá Maracana. Ìpáǹle la pè wọ́n. Àdúgbò yìí kan náà ni Samson Siasia àti Taribo West ti jáde. Odion Ighalo jáde níbẹ̀ pẹ̀lú, ó gbá góòlù 5 sáwọ̀n nínú ìdíje ife Áfíríkà ọdún 2019 ní Íjíbítì, kò sẹ́ni tó gbá tó o. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ìyá tó ti bú ọmọ nítorí bọ́ọ̀lù rí ló ń sọ pé àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ ò mọ nǹkan kan!

Ohun tó yàtọ̀ láyé ìgbà náà, mo lè tọ́ka sí i. Bí wọ́n bá ká ọ mọ́ ẹ̀yìn kíósìkì, àgbà tó rí ọ kò ní lọ sọ ọ́ níbi tí a ti ń pọn omi. Etí ni yóò fi fà ọ́ délé. Nínú ilé kan náà, ẹ óò rí Urhobo, Ìgbò, Ìlàjẹ, Ijaw àti ará Ìbàdàn. Màmá Urhobo á nà ọ́, ìyá Yorùbá tó bí ọ á dúpẹ́, á sì fi ìgbátí méjì lé e kí ọ̀rọ̀ má bàa tutù. Kò sẹ́ni tó bèèrè ẹ̀yà pàṣán.

Lónìí, ẹ dán an wò. Ẹ sọ fún ìyá ọmọ pé ẹ rí ọmọ rẹ̀. "Ṣé ìwọ lò ń bá mi bọ́ ọ ni? Ti ọmọ tìẹ ńkọ́?" Ọmọ fúnra rẹ̀ á gbé fóònù, á máa ká yín sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀. Gbogbo wa bá di ẹni tó ń panu mọ́ níwájú ìyá ọmọ, tá a sì ń la ẹnu gbàǹgbà níbi tí kò sí. Òun nìkan ni kò mọ ohun tí gbogbo Malu Road mọ̀. Ìtìjú wo ló ju ìyẹn lọ?

Ó kù kan. Èmi ò sì mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni ò fi í sọ ọ́ níbi omi.

Ta ló ń sanwó ọtí ní ilé ọtí yẹn? Ta ló ra wíìgì náà? Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń fún lówó búrẹ́dì lójoojúmọ́, ó rí bàtà gogoro he ni? Ọkùnrin kan wà, ó ti tó bàbá ọmọ yẹn bí, Camry dúdú ló ń gùn. Ó máa ń dúró síbi tí iná òpópónà ti kú, kì í sọ̀ kalẹ̀, fèrèsé ló máa ń yí wálẹ̀ díẹ̀. Tó bá di ọjọ́ ìsinmi, ìlà iwájú ló ń jókòó sí nílé Ọlọ́run. A ń kí i, à ń dọ̀bálẹ̀. Bí ọmọ bá kọjá, a ní aṣẹ́wó ni. Bí òun bá kọjá, a ní "Ọ̀gá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Ẹ gbà mí o! Àgbàlagbà á ba ọmọ jẹ́ tán, ọmọ la máa fi ṣe orin. Ẹ̀gàn yìí ju ẹ̀gàn wíìgì lọ fíìfíì, ara gbogbo wa ló sì ń rùn sí.

Èmi ò sọ pé kí wọ́n má bá ọmọ wí. Kí ìyá rẹ̀ gba báàgì Bíbélì yẹn, kó tú u sílẹ̀ lójú rẹ̀, kó sì bi í ní orúkọ ẹni tó ra ohun tó wà nínú rẹ̀. Kí ẹni tó bá rí i lọ kan ilẹ̀kùn ìyá náà, kó sọ ọ́ fún un lójúkojú, èébú tó bá jẹ, kó jẹ ẹ́ mọ́ra. Èébú kì í pani.

Ẹ̀yin bọ̀dá oní-Camry, tí ìwé yìí bá bọ́ sí yín lọ́wọ́: òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti Èkó, ti ọdún 2007, sọ pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Òfin ìwà ọ̀daràn Èkó sì sọ pé ẹni tó bá bá ọmọdé lò pọ̀, ẹ̀wọ̀n gbére lè jẹ́ tirẹ̀. A ti mọ nọ́mbà mọ́tò yín.